Ìwé Tí Mo Fẹnu Parí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, pẹ́ńsù ló ń wá, pẹ́ńsù ọ̀hún sì wà létí rẹ̀.

Ó gbé àwọn ìwé orí tábìlì sókè, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fọwọ́ tẹ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, mo fọwọ́ méjèèjì di àpòòwé mi mọ́ àyà. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ fún un. Èmi, ẹnu mi kì í yá bẹ́ẹ̀. Nílé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi dé iléèwé, olùkọ́ ní kí n dìde kí n dárúkọ mi, mo dìde, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí aago ìsinmi fi lù. Láti ìgbà náà, bàbá mi ló kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ, ìyá bàbá mi, Ìyá àgbà, ló sì kọ́ mi ní gbogbo yòókù.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí mi.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, nǹkan kan ló sọnù."

Mo fọwọ́ kan etí ara mi. Ó wò mí. Mo tún fọwọ́ kàn án.

"Dókítà wà lódìkejì títì," ó ní, àánú mi sì hàn lójú rẹ̀. "Wọn ò tíì tì."

"Pẹ́ńsù yín," mo ní. Ohùn mi kéré débi pé èmi gan-an ò gbọ́ ọ dáadáa. "Ó wà létí yín."

Ó yọ ọ́, ó wò ó bí ẹni pé ṣe ni pẹ́ńsù náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ fara pa mọ́. Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í dún. Èjìká rẹ̀ nìkan ló máa ń mì. Mo rí i, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú, bí mo ṣe máa ń tọ́jú ohun gbogbo tí mo bá rí, láìtíì mọ ibi tí mo máa lò ó sí.

"Kí la fẹ́ bá yín tẹ̀?"

"Ìwé ìtàn ni."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ?"

"Kí oṣù yìí tó parí."

Ó gba àpòòwé náà, ó ṣí i. "Orí kìíní. Orí kejì. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Mi ò tíì kọ wọ́n."

Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wá wo èmi. Ó fẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ jókòó, Òǹkọ̀wé," ó ní. "Ó jọ pé a ti pẹ́."

Bó ṣe pè mí ní Òǹkọ̀wé, orí mi wú. Bó ṣe sọ pé "a", mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó.

*

Aago ló fa gbogbo rẹ̀. Aago ni bàbá mi ń tún ṣe, yàrá iwájú ilé wa sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olótùú ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé ìwé jáde gbé aago ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ wá. Obìnrin gíga ni, ó sì ń kánjú. Bàbá mi ní kó fara balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì tó pààlà yàrá ni èmi àti Ìyá àgbà wà, mo ń pìtàn fún un. Ojú Ìyá àgbà ò ríran mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìtàn ni mo fi ń san án padà fún gbogbo èyí tó ti sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá mi tún aago náà ṣe tán. Olótùú ò dìde.

"Mà, aago yín ti ń ṣiṣẹ́ o."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ná."

"Ó ti parí, mà."

"Kì í ṣe aago ni mò ń sọ, sà. Ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn ni."

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń bá bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Káfíńtà kan ń bá wọn sọdá láràárọ̀, ó sì ń padà nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé káfíńtà yìí ò níṣẹ́ kankan lódìkejì odò. Nígbà yẹn, káfíńtà náà ò tíì ní ojú. Káfíńtà lásán ni.

Olótùú fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹnì kan tó ṣèlérí ìwé fún òun ti já òun kulẹ̀. Àyè ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló kù láàárín àwọn tó ń lọ sílé ìtẹ̀wé. "Bó o bá lè kọ èyí kó kún ìwé, kó o sì gbé e wá, kó jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kí ọ́fíìsì mi tó tì lọ́jọ́ tí oṣù yìí bá parí, èmi fúnra mi ni màá kà á. Bó bá di ọjọ́ kejì rẹ̀, má wulẹ̀ wá."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́. Bàbá mi sin obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá yọ gíláàsì tó fi ń wo inú aago kúrò lójú.

"O mọ̀ pé àǹtí rẹ ń bọ̀ ní ìparí oṣù."

Mo mọ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ nílùú mìíràn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí n wá bá òun gbé, kí n kọ́ òwò, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́," bàbá mi ní. "Bí ìwé yìí bá tẹ obìnrin yẹn lọ́wọ́ lásìkò, o ò lọ ibì kankan. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó o di ẹrù rẹ, kó o tẹ̀lé àǹtí rẹ. O ò lè máa pìtàn fún ìyá mi títí irun rẹ á fi funfun."

"Kí ló burú ńbẹ̀?" Ìyá àgbà béèrè láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Bàbá mi gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Mo ní mo gbà.

*

Bí eré sísá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, màá jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá àgbà, màá sọ orí tó kàn fún un. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò bá tíì sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ ti ẹnu kọjá ná, kó tó dé ọwọ́. Ìyá àgbà á máa hun súwẹ́tà rẹ̀, ìka ló fi ń ríran, á sì máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

"Ọmọbìnrin yẹn ti sunkún jù. Jẹ́ kó jẹun."

"Ìyá àgbà, àárín odò ló wà."

"Ṣé wọn kì í jẹun láàárín odò ni?"

Màá jẹ́ kó jẹun.

"Káfíńtà yìí náà," ó ní lọ́jọ́ kan, "kò tíì jọ èèyàn sí mi. Báwo ló ṣe ń ṣe? Kí ló máa ń ṣe kó tó wọlé onílé?"

Mi ò tíì ronú nípa rẹ̀ rí. Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pákó."

"Ẹn-hẹ́n," Ìyá àgbà ní. "Ó ti ń di èèyàn."

Mo bá tẹ̀ síwájú. Mo fi pẹ́ńsù sí káfíńtà létí, mo sì jẹ́ kó máa wá a kiri nínú ọkọ̀. Mo yọ ohùn kúrò nínú ẹ̀rín rẹ̀, mo fi èjìká tó ń mì rọ́pò. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ abẹ́rẹ́ nù. Mo rò pé ọgbọ́n orí mi ni mo ń lò. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, mi ò mọ̀ pé ojú mi ni, tó ti ń rí bí ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe ń wúkọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́sàn-án màá kọ ọ́, nírọ̀lẹ́ màá sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, kò sì ní àmì. Bó bá tẹ ojú ìwé kan tán, á mú bírò, á máa fi àmì sórí àti sábẹ́ àwọn lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Pẹ́ńsù ní tirẹ̀, ìbéèrè ló fi ń kọ. Ẹ̀gbẹ́ ìwé mi ni mo máa ń bá wọn.

"Kí ló dé tí kò kàn sọ fún un?" ló kọ́kọ́ kọ.

Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ojú ló ń tì í."

Lọ́jọ́ kejì: "Ta ni ojú ń tì, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mo kọ ọ́ pé, "Àwọn méjèèjì."

Nígbà tí mo tún débẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ó kàn fi tíì sí iwájú àga mi, ó sì ń tẹ ìwé lọ. Mo mu tíì náà tán kí n tó rí i pé mo ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí n pẹ́ lọ. Mo sáré padà sílé, kì í sì í ṣe nítorí òkùnkùn. Ìdùnnú ló ń lé mi. Ìwé ń pọ̀ sí i, ọjọ́ ń dín kù, mi ò sì mọ èyí tó ń já mi láyà nínú méjèèjì: pé iṣẹ́ yìí lè má parí, àbí pé ó lè parí.

*

Ó dìgbà kan, àkókò ò gbà kí n máa lọ kí n máa bọ̀ mọ́. Atẹ̀wé ní òun á máa gbé èyí tóun bá ti tẹ̀ wá fún mi bóun bá ṣíwọ́, òun á sì gba tuntun lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, Ìyá àgbà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo wà lórí ìdúró, ìwé wà lọ́wọ́ mi. A gbọ́ ikọ́ kékeré kan níta. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró lórí súwẹ́tà.

"Wọlé, Káfíńtà," ó ní.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Èmi kọ́ ni káfíńtà o, mà. Ìwé ni mò ń tẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣé pẹ́ńsù wà létí rẹ?"

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó wà ńbẹ̀, mà."

"Bó o bá ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó máa ń dún?"

"Mi ò mọ̀, mà," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ ọ rí."

Ó wo ìwé tó gbé wá, ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ó wá yí ojú sí mi. Mo rí i nígbà tó yé e. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n tan iná sí yàrá.

"Ta ni káfíńtà?" bàbá mi béèrè láti iwájú.

"Ọkùnrin tí ọmọ rẹ ti ń fi ọkọ̀ gbé sọdá láti ọjọ́ yìí," Ìyá àgbà dáhùn. "Ó ti gúnlẹ̀."

Mi ò dúró. Ilé ìdáná ni mo bá ara mi, mo gbé ojú lé ara ògiri tútù. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ bàbá mi.

"Àwọn ìwé tó ò ń tẹ̀ yìí, èwo ni tìẹ ńbẹ̀?"

"Kò sí, sà. Ti oníbàárà ni gbogbo ẹ̀."

"Hùn. Ọkùnrin tó bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ló máa sọ tirẹ̀?"

Mo tẹ́tí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tó rọra padé.

*

Ojú tì mí débi pé mo pa káfíńtà.

Mi ò sọ ọ́ fún Ìyá àgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ ohun tí mi ò kọ́kọ́ fẹnu sọ. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo jẹ́ kí atẹ́gùn dìde lórí odò, mo dojú ọkọ̀ dé, mo sì jẹ́ kí ọmọbìnrin náà dá nìkan dé èbúté. Tí kò bá sí káfíńtà mọ́, ta ni wọ́n máa fi atẹ̀wé wé? Mo sáré lọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí atẹ̀wé tó dé, mo ti ìwé náà sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì sá padà.

Ọjọ́ yẹn ni àǹtí mi dé. Ó gbé báàgì ńlá kan tó ṣófo lọ́wọ́. "Ẹrù rẹ nìyí," ó ní, ó dì mọ́ mi. "Má bẹ̀rù. Àwọn oníbàárà mi ló máa kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sísọ."

Ó ku ọ̀la kí oṣù parí. Nírọ̀lẹ́, ikọ́ dún, ilẹ̀kùn dún. Nígbà tó wọlé, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe títẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ?"

"Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Ọkùnrin yẹn ló ti kú."

"Ta ló kú?" Ìyá àgbà béèrè.

"Káfíńtà, mà. Ọkọ̀ dojú dé."

Súwẹ́tà bọ́ sílẹ̀. "Nígbà wo? Èmi ò sí ńbẹ̀."

"Ta ló kú o?" Àǹtí mi sáré jáde láti inú yàrá.

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí," mo ní.

"Ó kú," Ìyá àgbà ní. "Ọmọ yìí ló pa á. Kò sì sọ fún mi."

Atẹ̀wé ò wo ẹlòmíràn, èmi ló ń wò. "Òǹkọ̀wé, bẹ́ ẹ bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, màá tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ní orí kẹta, fìlà ọmọ kan já sómi, káfíńtà yìí bọ́ sínú odò náà, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ó gbé fìlà fún ọmọ. Odò tó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lálọ-lábọ̀ torí fìlà, ṣé òun náà ló wá kú sí yìí?"

Òótọ́ ló wí. Irọ́ ni mo kọ, irọ́ náà ò sì tiẹ̀ dúró dáadáa.

"Torí ojú ń tì ẹ́," Ìyá àgbà ní jẹ́jẹ́, "lo ṣe ri ọmọ ọlọ́mọ sómi."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á ya. Ó dùn mọ́ mi bó ṣe ń ya. Àmọ́ lẹ́yìn tó ya tán, ìwé ò ní ìparí mọ́, ọ̀la sì ni oṣù ń parí.

"Kò sí àyè mọ́," mo ní. "Kí n tó sọ ọ́, kí n tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti ti ọ́fíìsì."

"Ẹ má kọ ọ́," ó ní. "Ẹ wá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún Màmá. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ ọ́ ni màá ṣe máa tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn."

"Ìyá mi á bá ẹ lọ," ẹnì kan ní.

Bàbá mi ni. Ó ti fa kọ́tìnnì, gíláàsì ṣì wà lójú rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí i.

"Kí lẹ̀ ń wò? Kọ́tìnnì ló wà láàárín wa, kì í ṣe ògiri. Láti orí kìíní ni mo ti ń gbọ́. Èmi náà fẹ́ mọ ibi tó máa já sí."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé àga Ìyá àgbà sí igun ṣọ́ọ̀bù. Atẹ̀wé ki ìwé mímọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń dúró dè mí. Mo la ẹnu. Kò sóhun tó jáde. Ó dà bí ọjọ́ tí wọ́n ní kí n dárúkọ mi ní iléèwé.

"Èmi ni kó o máa sọ ọ́ fún," Ìyá àgbà ní. "Kí ló kàn ẹ́ kàn án?"

Mo kẹ̀yìn sí ọkùnrin náà. Mo wo ojú Ìyá àgbà tí kò ríran. Mo ní, "Láàárọ̀ ọjọ́ náà, odò tòrò."

Ẹ̀rọ dún lẹ́yìn mi: kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, gbáìn.

Mo tún sọ òmíràn. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, gbáìn. Kò pẹ́ tí mi ò fi gbọ́ ọ bí ariwo mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń sọ pé "ẹn-hẹ́n, ẹn-hẹ́n" lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Mo dìde. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀. Mo tu ọkọ̀, mo fara wé bàbá ọlọ́kọ̀, mo sọ̀rọ̀ bí ìyá ẹlẹ́ja tó ń bá káfíńtà jà lórí ibi ìjókòó. Ìyá àgbà ń lu itan. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yọjú láti inú, ó rí wa, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ó jókòó. Mi ò bìkítà. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Mo dé ìparí ìtàn wàyí. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà gbé àjẹ̀ sílẹ̀ láàárín odò, ó ní: "Káfíńtà, mo ti béèrè lódìkejì. Kò sí ilé tó ò ń kọ́, kò sí àga tó ò ń kàn. Kí lo máa ń sọdá wá ṣe lójoojúmọ́?"

Kẹ́kẹ́kẹ́, gbáìn. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Kí ni káfíńtà sọ?" Ìyá àgbà béèrè.

Mo wá inú mi títí. Mi ò rí i. Láti orí kìíní ni mo ti ń gbé ọkùnrin yìí sọdá, mi ò mọ ohun tó ń wá.

Mo yípadà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò ó lójú, tí mi ò sì tètè gbójú kúrò.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wúkọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, òun tó máa ń tẹ̀wé ju bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́tà kan. Ó dúró. Lẹ́tà mìíràn.

"Kí ló sọ?" Ìyá àgbà ní. "Ẹ̀yin ń rí i, èmi ńkọ́?"

Mo sún mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn èjìká rẹ̀, mo sì kà á sókè:

"Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí. Èyí ni tèmi. Ìwọ ni mò ń sọdá wá wò. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bó o bá gbà fún mi, ibi tí ọkọ̀ rẹ bá gúnlẹ̀ sí ni ilé mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ̀yin" ló ń pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní ìwọ.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń wo òkè àjà bí ẹni pé òjò ń jò.

"Ọmọbìnrin náà ńkọ́?" Ìyá àgbà ní. "Ṣé ó ti yadi ni?"

"Kò yadi," mo ní. Ohùn mi ò kéré rárá. "Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀. Ó ní: Jókòó, olólùfẹ́ mi. Ó jọ pé a ti pẹ́."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, gbáìn.

*

Ó ku àmì. Àwọn ojú ìwé ọjọ́ yẹn pọ̀, kò sì sí èyí tó ní àmì kankan. A jókòó sí tábìlì kan náà: ó mú ti ìsàlẹ̀, mo mú ti òkè. Bó bá fi tirẹ̀ sí ojú ìwé kan tán, á tì í sí mi. Ìgbọ̀nwọ́ wa ń kanra.

"Ẹ ti dákẹ́ jù," Ìyá àgbà ní.

"Àmì là ń fi sí i, mà."

"Ẹ máa fi í sókè kí n gbọ́."

Bàbá mi ló yọ sẹ́nu ọ̀nà, aago ọwọ́ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, Àǹtí wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àkókò ti tán," ó ní. Atẹ̀wé ń fi àmì tó kẹ́yìn sí i bí a ṣe ń dìde. A fi Ìyá àgbà àti Àǹtí sílẹ̀, àwa mẹ́ta sì sáré. Mi ò rí bàbá mi kó sáré rí. A gba ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́, a já sí títì ńlá, atẹ̀wé di ọwọ́ mi mú kí mọ́tò tó kọjá, nígbà tí mọ́tò sì kọjá tán, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá mi rí i. Ó kàn ní, "Ẹ má dúró."

A ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì nígbà tí aago ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Olótùú dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Aago ti lù," ó ní.

"Kò tíì lù tán, mà," bàbá mi ní, ó ń mí hẹlẹ. "Èmi ni mo tún un ṣe. Ẹ tẹ́tí."

Gbogbo wa dúró, a ń gbọ́ ọ. Kó tó lu èyí tó kẹ́yìn, ìwé mi ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

*

Àǹtí mi gbé báàgì rẹ̀ padà lófìfo. "Mi ò bínú," ó ní. "Ọ̀dọ̀ mi lẹ ti máa ra aṣọ ìgbéyàwó. Mo ti rí i pé ẹnu wà lára ẹ."

Olótùú ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn tó kà á tán. Ó ní wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Mo di àga mú kí n má baà fò. Ó wá ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn.

"Ibì kan ńbẹ̀," ó ní. "Èsì tí káfíńtà fọ̀. Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. "Má yí i padà o," ó ní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ikọ́ dún níta wa. Kó tó kan ilẹ̀kùn, bàbá mi ti pè é láti iwájú.

"Wọlé. Èyí tó o gbé wá lónìí, ti oníbàárà ni àbí tìẹ?"

"Tèmi ni, sà."

"Jókòó, ká gbọ́ ọ."

Ó jókòó, ó sì sọ ọ́, láìsí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá. Wọ́n wá. A ṣègbéyàwó kí ìwé tó jáde, torí pé àwọn atẹ̀wé ńlá lọ́ra ju tèmi lọ.

Ọjọ́ tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ délé, Ìyá àgbà gbà á, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn àti níwájú, ó fi í sí imú.

"Ẹ kà á fún mi."

"Ìyá àgbà, ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kí káfíńtà fúnra rẹ̀ kà á."

Mo gbé ìwé fún ọkọ mi. Ó ń wá pẹ́ńsù tó máa fi tẹ̀lé ìlà. Mo yọ ọ́ fún un létí. Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó wò mí, kó sì tó kà á, ó wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn.